Ta Ló Ń Yan Ìjókòó Wa? Ìtàn Ìrìnàjò láti Èkó sí Lọ́ńdọ̀nù

Ẹni tó bá fẹ́ ti Èkó lọ sí Lọ́ńdọ̀nù lónìí, ìbéèrè méjì ni yóò kọ́kọ́ dojú kọ ọ́. Ilé-iṣẹ́ bàálù wo ni kí òun bá lọ? Apá wo nínú bàálù náà ni kí òun jókòó sí: ìkónómì tí ẹsẹ̀ kì í ti í nà tán ni, àbí bísínẹ́ẹ̀sì kíláàsì tí àga ti ń di ibùsùn? Ojú owó ni ọ̀pọ̀ wa fi ń wo ìbéèrè méjèèjì yìí, kò sì burú. Ojú ìtàn ni èmi fẹ́ fi wò wọ́n, nítorí pé kò tíì pẹ́ púpọ̀ tí arìnrìnàjò ti ń rí nǹkan yàn. Fún ìgbà pípẹ́, àwọn ẹlòmíràn ló ń bá a yàn: ìjọba amúnisìn, ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ ojú omi kan ní Liverpool, àti àwọn ọ̀gá ilé-iṣẹ́ bàálù tí wọ́n ń pàdé láti fẹnu kò lórí iye tí tíkẹ́ẹ̀tì yóò jẹ́.

Orí omi ni ìtàn náà ti bẹ̀rẹ̀. Ní 1852, Macgregor Laird dá ilé-iṣẹ́ African Steam Ship Company sílẹ̀, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì sì gbé iṣẹ́ kíkó lẹ́tà wá sí etíkun Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà fún un. Lẹ́tà yìí ló jẹ́ kí wọ́n máa pe irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ ní ọkọ̀ méèlì. Nígbà tó yá, iṣẹ́ náà bọ́ sọ́wọ́ Elder Dempster, Liverpool sì di ẹnu ọ̀nà ìlú òyìnbó fún àwọn ènìyàn wa. Nígbà tí Ládípọ̀ Ṣólàńkẹ́ lọ kọ́ ìmọ̀ òfin ní 1922, ọdún mẹ́ta ṣáájú kí òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tó dá ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ WASU sílẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù, kò sí ọ̀rọ̀ pé bàálù wo ni yóò wọ̀. Òkun nìkan ni ọ̀nà.

Lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì, ọkọ̀ mẹ́ta ni Elder Dempster fi ń ná ọ̀nà yìí: Accra, Apapa àti Aureol. Aureol ló kéré jù lọ́jọ́ orí nínú wọn, 1951 ló rin ìrìnàjò rẹ̀ àkọ́kọ́. Nǹkan bí ọ̀sẹ̀ méjì ni wọ́n ń lò lórí omi láti Èkó dé Liverpool, wọn a sì dúró ní àwọn èbúté bíi Takoradi, Freetown àti Las Palmas. Kíláàsì méjì ló wà nínú Aureol. Ohun tó yà mí lẹ́nu nínú ìtàn ọkọ̀ náà ni pé àyè fáàsì kíláàsì lé ní 200, bẹ́ẹ̀ ni ti kíláàsì ìsàlẹ̀ kò tó 100. Nínú bàálù ayé òde òní, òdìkejì rẹ̀ la ń rí: àwọn olówó díẹ̀ níwájú, ọ̀pọ̀ èrò lẹ́yìn. Kí ló fa ìyàtọ̀ náà? Ẹ wo àwọn tí wọ́n kan ọkọ̀ náà fún. Òṣìṣẹ́ ìjọba amúnisìn tó ń lọ lo ìsinmi nílé ni, àti ọ̀gá ilé-iṣẹ́ oníṣòwò tó ń padà bọ̀ sẹ́nu iṣẹ́. Kì í ṣe àpò ara wọn ni púpọ̀ nínú wọn fi ń sanwó. Ọmọ àgbẹ̀ tí bàbá rẹ̀ ta kòkó kó lè lọ kàwé kọ́ ni wọ́n ní lọ́kàn nígbà tí wọ́n ń ya àwòrán ọkọ̀ náà.

Síbẹ̀, nǹkan kan wà nínú ọkọ̀ ojú omi tó yẹ ká fi sọ́kàn. Yàrá oúnjẹ yàtọ̀, yàrá ìsùn yàtọ̀, ibi tí wọ́n ti ń gba atẹ́gùn náà yàtọ̀, àmọ́ ẹni tó wà lókè àti ẹni tó wà nísàlẹ̀, ọjọ́ kan náà ni wọ́n jọ ń gúnlẹ̀. Owó kò ra ìyára rárá. Ìrọ̀rùn àti iyì ló ń rà.

Bàálù kọ́kọ́ wọ ìtàn yìí ní 1936. Ọdún náà ni Imperial Airways, tó ti ń fò gba Íjíbítì lọ sí Gúúsù Áfíríkà, na ẹ̀ka kan láti Khartoum wá sí Kánò, kí ọdún náà sì tó parí, ó ti dé Èkó. Lẹ́tà ni ẹrù rẹ̀ tó ṣe pàtàkì jù, èrò kò tó nǹkan. Lẹ́yìn ogun ni iṣẹ́ náà tó gbilẹ̀ lọ́wọ́ BOAC, ilé-iṣẹ́ bàálù ìjọba Gẹ̀ẹ́sì. Ní 1946, wọ́n dá WAAC sílẹ̀ fún Nàìjíríà, Gold Coast, Sierra Leone àti Gambia, kó lè máa gbé èrò láàrin ara wọn. Ẹ kíyè sí bí wọ́n ṣe pín iṣẹ́ náà: WAAC máa ń gbé yín láti ìlú sí ìlú nílẹ̀ wa, ṣùgbọ́n ọ̀nà Lọ́ńdọ̀nù, níbi tí owó wà, BOAC ló ni ín. Nígbà tí Ọbabìnrin Elizabeth Kejì wá sí Nàìjíríà ní oṣù kìíní 1956, bàálù BOAC ni wọ́n bá wá. Láti ìgbà náà lọ, kò sí ẹni tí yóò tún sọ pé ọkọ̀ ojú omi ni ọlọ́lá ń wọ̀.

Kí ọ̀rọ̀ náà lè yé wa, ó yẹ ká mọ òfin tó wà nídìí rẹ̀. Ní 1944, àwọn orílẹ̀-èdè pàdé ní Chicago, wọ́n sì fẹnu kò pé orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan ló ni òfuurufú tó wà lórí ilẹ̀ rẹ̀. Nítorí náà, bàálù kan kò lè kàn gbéra láti ìlú kan wá kó èrò ní ìlú mìíràn. Ìjọba méjèèjì gbọ́dọ̀ jọ ṣàdéhùn, kí wọ́n sì dárúkọ àwọn ilé-iṣẹ́ tí wọ́n fún láṣẹ. Ọdún kejì ni wọ́n dá IATA, ẹgbẹ́ àwọn ilé-iṣẹ́ bàálù, sílẹ̀ ní Havana. Ìpàdé àwọn ọmọ ẹgbẹ́ yìí ni wọ́n ti ń gé iye owó tíkẹ́ẹ̀tì, àwọn ìjọba a sì fọwọ́ sí i.

Ká ní àwọn tó ń ta búrẹ́dì lẹ́bàá ọ̀nà Ìbàdàn sí Èkó pàdé lọ́dọ̀ ìyálọ́jà, tí wọ́n ní iye kan ni gbogbo àwọn yóò máa ta ìṣù búrẹ́dì kan, kí ni ẹnìkan yóò fi fa oníbàárà mọ́ra ju ẹnìkejì lọ? Ẹ̀rín ẹnu rẹ̀ ni, ọ̀rá tó fi wé e ni, àti ènì. Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí àwọn ilé-iṣẹ́ bàálù gan-an nìyẹn. Nítorí pé wọn kò lè dín owó kù, oúnjẹ, aṣọ àwọn òṣìṣẹ́ àti ìtọ́jú ni wọ́n fi ń bá ara wọn díje. Tàwọn ìlérí dídùn tí wọ́n ń kọ sínú ìwé ìròyìn nígbà náà, ibi tí wọ́n ti ṣẹ̀ nìyẹn.

Ènì yìí ló wá dá ìjà sílẹ̀. Ní ọjọ́ kìíní oṣù karùn-ún 1952, àwọn ilé-iṣẹ́ tó ń fo òkun Àtìláńtíìkì bẹ̀rẹ̀ sí í ta tíkẹ́ẹ̀tì kíláàsì arìnrìnàfẹ́, tó dínwó sí fáàsì kíláàsì. Ní oṣù kẹrin 1958 ni wọ́n tún dá èyí tó rọjú jù ú lọ sílẹ̀, wọ́n pè é ní ìkónómì. Wọ́n sì fi òfin dè é: oúnjẹ ìkónómì kò gbọ́dọ̀ ju sáńwíìsì lọ, sáńwíìsì náà gbọ́dọ̀ jẹ́ tútù, kó má ní afẹ́ nínú, kó má sì wọ́nwó. Láìpẹ́, Pan American fẹjọ́ sùn pé àwọn ará Yúróòpù kan ń ṣe màgòmágó. SAS, ilé-iṣẹ́ àwọn ará Scandinavia, ń tẹ́ búrẹ́dì ẹyọ kan sílẹ̀, ó sì ń kó ẹran àti oríṣiríṣi àdídùn jọ gègèrè lé e lórí. Sáńwíìsì ni lóòótọ́, bí ẹ bá wá búrẹ́dì náà dáadáa ẹ ó rí i! IATA jókòó lé ẹjọ́ náà, ó sì bu owó ìtanràn dọ́là 20,000 lé SAS.

Ọ̀rọ̀ ẹ̀rín ni, àmọ́ ó ju ọ̀rọ̀ ẹ̀rín lọ. Kí ló dé tí àwọn àgbàlagbà fi jókòó ṣẹjọ́ nítorí búrẹ́dì? Ẹ̀rù ló ń bà wọ́n. Bí ìjókòó olówó pọ́ọ́kú bá dùn jù, ta ni yóò tún san ti fáàsì kíláàsì? Ẹnjiníà ará Faransé kan, Jules Dupuit, ti ṣàlàyé irú nǹkan yìí ní 1849 nípa ọkọ̀ ojú irin. Ó ní kì í ṣe pé owó tí wọn ì bá fi bo orí kíláàsì kẹta pọ̀ ni wọ́n ṣe fi í sílẹ̀ láìní òrùlé. Wọ́n ṣe é kí ẹni tó lè san ti kíláàsì kejì má bàa sá wá síbẹ̀ ni. Lójú tèmi, ọ̀rọ̀ Dupuit ni kọ́kọ́rọ́ tó ṣí gbogbo ìtàn yìí. Nígbà tí orúnkún wa bá ń kan àga ẹni tó wà níwájú, kì í ṣe pé àyè kò sí nìkan. Ìnira náà jẹ́ apá kan ohun tí wọ́n fi ń polówó ìjókòó tó wọ́n.

Ọdún 1958 yìí kan náà ni bàálù tiwa wọ ọ̀nà Lọ́ńdọ̀nù. Ghana ti gbòmìnira, ó sì ti yọwọ́ kúrò nínú WAAC. Ní ọjọ́ kìíní oṣù kẹwàá, ilé-iṣẹ́ tuntun tí wọ́n pè ní WAAC Nigeria bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Bàálù Stratocruiser tí wọ́n yá lọ́wọ́ BOAC ni wọ́n fi ń fò láàrin Èkó àti Lọ́ńdọ̀nù. Bàálù ńlá ni, tó ní yàrá fàájì nísàlẹ̀, tí èrò ń gba àtẹ̀gùn sọ̀kalẹ̀ sí. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká wo ẹni tó ni ilé-iṣẹ́ náà. Ìjọba Nàìjíríà ní ìpín 51 nínú ọgọ́rùn-ún. Àwọn tó ni ìyókù ni BOAC àti Elder Dempster! Ìyẹn ni pé ẹni tó bá wọ Aureol, Elder Dempster ló sanwó fún. Ẹni tó bá ní òun ò fẹ́ òkun mọ́, tó wọ bàálù Nàìjíríà, ó ṣì ń san díẹ̀ fún Elder Dempster. Ẹni tó bá sì kọ méjèèjì, BOAC ló kù fún un, BOAC náà sì ní ìpín nínú tiwa. Ó dà bíi kéèyàn kúrò ní ìsọ̀ kan lọ sí èkejì nínú ọjà, láìmọ̀ pé ọmọ ìyá kan náà ló ni ìsọ̀ méjèèjì.

Ìdí nìyí tí mo fi ka 1961 sí ọdún pàtàkì, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn ìwé ìtàn ilé-ẹ̀kọ́ kì í sábà dárúkọ rẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ yìí. Ọdún náà ni ìjọba ra ìpín àwọn méjèèjì tán. Fún ìgbà àkọ́kọ́, ọmọ Nàìjíríà tó fẹ́ lọ sí Lọ́ńdọ̀nù lè yan ilé-iṣẹ́ tó jẹ́ ti orílẹ̀-èdè rẹ̀ pátápátá. Ní 1971, wọ́n fún un ní orúkọ tí àwọn òbí wa mọ̀ ọ́n sí, Nigeria Airways, tó fi erin oníyẹ̀ẹ́ ṣe àmì. Ẹkún wà nínú ìtàn náà o. Ní ọjọ́ 20 oṣù kọkànlá 1969, bàálù VC10 rẹ̀ tó ń bọ̀ láti Lọ́ńdọ̀nù já nítòsí Èkó, gbogbo ènìyàn 87 tó wà nínú rẹ̀ ló sì kú. Síbẹ̀, bàálù náà lo wá borí òkun. Ní 1974, Aureol rin ìrìnàjò rẹ̀ ìkẹyìn sí Èkó, kò sì sí ọkọ̀ méèlì mọ́.

Nígbà tí èyí ń lọ lọ́wọ́, inú bàálù tún ń yí padà. Ní oṣù kìíní 1970, Pan American bẹ̀rẹ̀ sí í fi Boeing 747 gbé èrò láti New York lọ sí Lọ́ńdọ̀nù. Àyè inú rẹ̀ lé ní 350, ẹ sì mọ̀ pé àga tó ṣófo kì í pa owó wọlé. Kí wọ́n lè kún un, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ta tíkẹ́ẹ̀tì lẹ́dìn-ínwó lóríṣiríṣi. Làwọn oníṣòwò tó san owó pé bá ń ráhùn: àwọn àti ẹni tó san ìdajì jọ wà lórí ìlà kan, wọ́n jọ ń jẹ oúnjẹ kan náà. KLM ló kọ́kọ́ wá nǹkan ṣe sí i ní 1976, ó ya àyè sọ́tọ̀ fún àwọn tó san owó pé. Kí ó tó di 1980, àwọn mìíràn ti tẹ̀ lé e, Qantas sì ti ń pe tirẹ̀ ní bísínẹ́ẹ̀sì kíláàsì. Ìráhùn ló bí i. Ní 1991, EVA Air ti Taiwan dá èyí tó wà láàrin ìkónómì àti bísínẹ́ẹ̀sì sílẹ̀. Ní 2000, British Airways sọ àga bísínẹ́ẹ̀sì rẹ̀ di ibùsùn tó tẹ́ pẹrẹsẹ. Owó ti dé ibi tó ti ń ra oorun.

Níbi tí àwọn ẹlòmíràn ti ń tẹ́ ibùsùn, tiwa ń kú lọ díẹ̀díẹ̀. Ìgbìmọ̀ ìwádìí tí Adájọ́ Obiora Nwazota ṣe alága rẹ̀ tú ìwé Nigeria Airways wò láti 1983 dé 1999, jìbìtì àti ìṣekúṣe ló sì kún ibẹ̀. Ní 2003, ìjọba ti ilé-iṣẹ́ náà pa. Títí dé 2018, àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ àtijọ́ ṣì ń tò láti gba ẹ̀tọ́ wọn, àwọn mìíràn sì ti kú kó tó dé.

Ẹni tó bá rò pé ikú ilé-iṣẹ́ kan kò kan ẹni tó ń ra tíkẹ́ẹ̀tì, kó wo ohun tó tẹ̀ lé e. Ní 2012, ìjọba Nàìjíríà bi àwọn ilé-iṣẹ́ Gẹ̀ẹ́sì léèrè ìdí tí ìjókòó ńlá láti Èkó sí Lọ́ńdọ̀nù fi wọ́n ju ti Accra lọ, nígbà tí ọ̀nà méjèèjì kò fi bẹ́ẹ̀ jìn ju ara wọn. Ní 2022, dọ́là wọ́n débi pé owó tíkẹ́ẹ̀tì tí àwọn ilé-iṣẹ́ ilẹ̀ òkèèrè ti gbà ní náírà kò ṣe é kó lọ sílé. IATA ní ó tó mílíọ̀nù 450 dọ́là ní oṣù kẹfà ọdún náà. Emirates dáwọ́ dúró lọ́dún náà, oṣù kẹwàá 2024 ló tó padà. Àwọn tó kù ti ilẹ̀kùn tíkẹ́ẹ̀tì olówó kékeré, èyí tó wọ́n nìkan ni wọ́n ń fi han ẹni tó bá wá láti Nàìjíríà. Èyí ni ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ àti òbí ṣe ń gba Sẹ̀mẹ̀ kọjá lọ wọ bàálù ní Accra. Nínú ìkónómì gan-an, kì í ṣe iye kan ni wọ́n ń tà á: àga kan náà ní oríṣiríṣi iye tí wọ́n ń ṣí, tí wọ́n sì ń pa. Kíláàsì wà nínú kíláàsì.

Ní ọjọ́ 30 oṣù kẹta 2024, Air Peace bẹ̀rẹ̀ sí í fò láti Èkó sí Gatwick. Kì í ṣe ọ̀nà tuntun ni wọ́n là, nítorí àdéhùn tí Nàìjíríà àti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ṣe ní 1988 ti fún wa láyè láti dárúkọ ilé-iṣẹ́ tiwa. Láàrin ọ̀sẹ̀ díẹ̀, àwọn tó ti ń ná ọ̀nà náà tẹ́lẹ̀ dín owó wọn kù. N kò sọ pé kí ẹnikẹ́ni wọ bàálù kan nítorí àsíá tó wà lára rẹ̀. Ohun tí mo ń sọ ni pé ẹni tó wọ ti Gẹ̀ẹ́sì lọ́dún náà pàápàá jẹ àǹfààní pé ti Nàìjíríà wà níbẹ̀.

Ó ku ọ̀rọ̀ ara wa. Ní 1977, àwọn dókítà méjì fún ẹ̀jẹ̀ dídì tó ń ṣe àwọn tó jókòó pẹ́ nínú bàálù ní orúkọ kan tó dárúkọ ìkónómì. Orúkọ náà ṣi ọ̀pọ̀ ènìyàn lọ́nà. Àjọ Ìlera Àgbáyé gbé ìwádìí jáde ní 2007 pé ẹni tó bá jókòó sójú kan ju wákàtí mẹ́rin lọ, ewu náà di ìlọ́po méjì fún un. Nǹkan bí ẹnìkan nínú 6,000 ló lè ṣe. Jíjókòó láìmira ló ń fà á, ìbáà jẹ́ níwájú bàálù, lẹ́yìn rẹ̀, tàbí nínú bọ́ọ̀sì. Kéèyàn dìde rìn kò sì ní iye owó.

Nítorí náà, ọ̀dọ́ tí ara rẹ̀ le tó ń lọ sí Lọ́ńdọ̀nù, wákàtí mẹ́fà àti ààbọ̀, n kò rí ìdí tí òbí rẹ̀ yóò fi jẹ gbèsè nítorí ibùsùn. Ti ìyá àgbà tó ń lọ bá ọmọ rẹ̀ tọ́jú ìkókó ní Atlanta yàtọ̀. Ó lé ní wákàtí 11, orúnkún ń dùn ún, kò sì gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì púpọ̀. Ọ̀pọ̀ ọmọ a máa ra èyí tó dínwó fún irú ìyá bẹ́ẹ̀, tí yóò sọ̀ kalẹ̀ ní pápákọ̀ àjèjì lóru, kó wá ẹnu ọ̀nà bàálù kejì fúnra rẹ̀. Bó bá jẹ́ èmi ni, ìkónómì inú bàálù tó lọ tààrà ni n ó kọ́kọ́ wá fún màmá, ní ìjókòó etí ọ̀nà kí wọ́n lè máa dìde, ṣáájú bísínẹ́ẹ̀sì èyíkéyìí tó ní ìdúró. N ó sì sọ fún ilé-iṣẹ́ náà ṣáájú ọjọ́ ìrìnàjò pé wọ́n nílò àga onítáyà. Òṣìṣẹ́ kan yóò tì wọ́n láti ẹnu ọ̀nà pápákọ̀ dé ẹnu bàálù, yóò sì tún rí bẹ́ẹ̀ níbi tí wọ́n bá sọ̀ sí, ọ̀fẹ́ ni, kíláàsì yòówù tí ó lè jẹ́.